Ọwọ́ Òsì Ni Dàmọ́lá Ń Jù Sí Wa

Agboolé Ọdẹ,
Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Agẹmọ.

Àyọ̀ká ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí onílé yín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dá mi lóhùn dáadáa nígbà tí mo wá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìbàdàn kò ní gbé yín mì. Ògún tí bàbá mi bọ, tí èmi náà ń bọ, kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ títì mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹsẹ̀ yín kò ní gbé yín dé ibi tí orí yín kò sí. Àṣẹ.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé kí ló dé tí bàbá mi kò pè mí, tó wá ń kọ lẹ́tà bí ẹni ayé àtijọ́. Ẹjọ́ fóònù gan-an ni mo fẹ́ rò, a kì í sì í jókòó sí iwájú ẹni ká máa fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Kàdírì tó ń wa ọkọ̀ láti Ṣakí sí Ìbàdàn ni mo fi rán. Mo fi àtè lẹ ẹnu àpò ìwé náà yíká, mo tún fa ìlà mẹ́ta sí i lẹ́yìn. Bí àwọn ìlà náà kò bá ṣe déédéé mọ́, á jẹ́ pé Kàdírì ti tú u wò lọ́nà nìyẹn, kí o má fún un lómi mu.

Ìyá rẹ kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, ọkà bàbà ti ga ju mí lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bọ jáde láti inú igbó ìjọba wá jẹ àgbàdo wa. Mo lọ fi ẹjọ́ wọn sùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí n kọ iye ọ̀bọ tó wá àti ọjọ́ tí wọ́n wá. Mo bi wọ́n bóyá kí n kọ orúkọ bàbá àwọn ọ̀bọ náà sí i. Fọ́ọ̀mù, Àyọ̀ká. Ohun kan náà ló ń dà mí láàmú láti bí oṣù méjì, àfi kí n sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ Dàmọ́lá ni. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú iṣẹ́ sójà ti gbé e lọ sí Bọ̀rùnú, tó fi Fàrídà ìyàwó rẹ̀ àti Ọlámipọ̀sí ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Sunday ni ọjọ́ tiwa. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa á gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, nítorí orí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń bà sí. Ìyá rẹ á gbé ẹní dání, á lé tìróò, á ró ìró tó dáa, bí ẹni pé ọmọ náà máa fọwọ́ kan aṣọ náà. Fàrídà á gbé fóònù ti òkúta, ojú Dàmọ́lá á yọ, Ọlámipọ̀sí á sì máa fi ẹ̀kọ tó ń jẹ pa á lẹ́nu, pé kí bàbá òun jẹun, a ó máa fi etí aṣọ nu ẹ̀kọ kúrò lójú ọmọ mi kí n tó lè rí i kí. Bí ọmọ sójà ṣe ń mọ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Lóṣù tó kọjá ọlọ́pàá kan wá ra iṣu lọ́jà, ọmọ náà nawọ́ sí i, ó ń pè é ní bàbá nítorí aṣọ ìjọba tó wọ̀. Fàrídà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan nínú igbá ata.

Nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì dára, Dàmọ́lá á gbé fóònù tirẹ̀ lé orí àpò iyanrìn, á bọ́ fìlà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wa tòun ti bàtà sójà lẹ́sẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà á máa kí mi, Bàbá ẹ kú ilé o. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ: ìyá òun dákun fi èlùbọ́ ránṣẹ́, Bàbá ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi yan ẹran ìgbẹ́ díẹ̀. Ọmọ tó bá ń tọrọ oúnjẹ, ara rẹ̀ le.

Ọjọ́ kan báyìí ni mo rí i tó fi ọwọ́ òsì juwọ́ sí mi. Èmi! Ọmọ tí mo fi pàṣán kọ́ pé ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Mo rò pé ó ṣèèṣì ni. Sunday kejì, òsì. Sunday kẹta, òsì náà ni. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó jókòó kí mi bí ẹni ń kí akọ̀wé ọjà, orí nìkan ló ń tẹ̀. Kò tọrọ èlùbọ́. Ògiri funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àpò iyanrìn, kò sí ẹlẹgbẹ́ kankan tó ń kí mi. Mo bi í pé ibo nìyẹn, ó ní ọ́fíìsì ni wọ́n gbé òun lọ. Dàmọ́lá tí kò lè jókòó jẹ iṣu tán, òun ni wọ́n gbé sí ọ́fíìsì!

Mo lọ bá Sàlàkọ́, sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìntì, ẹni tó mọ ìwà sójà láàárín wa. Ó ní fóònù dà bí dígí, pé ó máa ń sọ ọ̀tún di òsì. Mo bi í pé ṣé lọ́dún tó kọjá, fóònù kò tíì di dígí ni? Ó wá ní ohun tí òun gbọ́ ni pé ẹ̀rọ kan ti wà láyé báyìí tó lè ya ojú ènìyàn, kó fi ohùn rẹ̀ sí i, kó máa bá ẹ sọ̀rọ̀, nígbà tí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ wà níbòmíràn. Ó fi ewúrẹ́ kan hàn mí nínú fóònù rẹ̀ tó ń ka ìròyìn. Àyọ̀ká, ewúrẹ́ náà gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ rẹ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Mo ro ó pé àwọn ìjọba ti rí i pé ẹkún àwọn òbí sójà pọ̀ jù, wọ́n wá ṣe ẹ̀rọ yìí láti máa fi tù wá nínú. Wọ́n á ti sin ọmọ, wọ́n á fi àwòrán rẹ̀ sínú fóònù, á máa kí bàbá rẹ̀ ní gbogbo Sunday títí bàbá náà yóò fi kú. Ohun tó sì jẹ́ kó dá mi lójú ni pé bí wọ́n bá ti ní dátà tán, ojú Dàmọ́lá á dúró gbagidi, ẹnu á là sílẹ̀, kò ní ṣẹ́jú. Mo kà á lọ́jọ́ kan, mo ka òǹkà dé àádọ́ta, kò ṣẹ́jú. Ènìyàn ẹlẹ́mìí wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Fàrídà ra dátà, ojú náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo sọ nínú ara mi pé owó ni wọ́n fi ń bọ́ òkú yìí.

N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó ọmọ mi. Ọdẹ ni mí, mo mọ bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀. Mo rí i pé ó máa ń dá gun àpáta lọ ní ọ̀sán tí kì í ṣe Sunday, bó bá sì ń bọ̀ á ti fi omi bọ́jú. Mo rí i pé ó kó ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ mẹ́rin jáde, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ń tú gbogbo bọ́tìnì wọn dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sápamọ́ sẹ́yìn àká, mò ń wò ó. Aṣọ tí kò ní bọ́tìnì, ta ni wọ́n ń rán an fún bí kò ṣe òkú? Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún ìyá rẹ pé kí ó múra ọkàn rẹ̀. Ó bi mí bóyá òkú ni èmi náà, nítorí dàńṣíkí tó wà lọ́rùn mi kò ní bọ́tìnì. Mo ní kò yé e.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí fọ́ọ̀mù dé. Fàrídà kúnlẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn sójà ló ti wá, kí Bàbá jọ̀ọ́ bá òun kọ orúkọ, kí Bàbá buwọ́ lù ú, nítorí ètò ọkọ òun ni. Wọ́n tún fẹ́ fọ́tò mi méjì, tí etí mi méjèèjì yóò hàn. Kí ni ìjọba fẹ́ fi etí mi ṣe? Mo gbé e lọ bá Sàlàkọ́. Ó wọ awò ojú, ó ka ibi kan, ó ní wọ́n ń béèrè ẹni tí wọ́n máa ké sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní nǹkan wo? Ó ní nǹkan kan ṣáá. Mo padà délé, mo bi Fàrídà, mo ní bí àlejò bá wọlé tọ̀ ọ́ wá, tó ní kí o sọ orúkọ ẹni tí òun máa lọ pè bí ilé rẹ bá jó, ìwọ kò ní wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ìṣáná ló mú dání? Ó ń wò mí, omi ń dà lójú rẹ̀. Mo ní n kò ní buwọ́ lu ikú ọmọ mi. Mo ká ìwé náà, mo tì í bọ inú koríko òrùlé àká. Mo tún sọ fún ìyá rẹ pé bí ọmọbìnrin yìí kò bá sọ ohun tó mọ̀, kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Mo sọ ọ́ sókè. Mo mọ̀ pé ó gbọ́.

Ọjọ́ Sunday tó kọjá yìí, mo kó ara mi jọ. Mo ní lónìí ni n ó mọ̀ bóyá ọmọ mi ni tàbí ewúrẹ́. Bí ojú náà ṣe yọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí i. Mo ní bí ìwọ bá jẹ́ Dàmọ́lá tí mo bí, kí ló lé mi gun igi ọdán lọ́nà oko, lọ́dún tí o pé ọmọ ọdún mọ́kànlá? Ó ní Bàbá, ṣé kí n sọ ọ́? Ìyá wà níbẹ̀ o. Mo ní sọ ọ́. Ó ní màálù ni. Ó ní abo màálù kan tó já okùn, agogo ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá rẹ kọjú sí mi, ó ní màálù? Ó ní ṣé ẹfọ̀n tí gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ torí rẹ̀ wá kí ọ, tí mo pa adìyẹ mẹ́ta fún, màálù ni? Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́ ná. Èmi àti ọmọ yìí nìkan ló mọ̀, a sì ti búra pé a kò ní sọ ọ́ láéláé. Ara mi rọ̀. Ẹ̀rín tilẹ̀ ń pa mí. Ọmọ mi ni.

Fàrídà wá sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé Bàbá ti wá rí i pé òun ni, kí Bàbá wá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù o. Ohùn tó fi sọ ọ́ yára jù. Ara tún fu mí. Mo padà kọjú sí fóònù, mo ní ó dára, Dàmọ́lá, gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ sókè kí n rí i.

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní gbé e sókè. Ìyá rẹ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, mo ní n kò ní fi í sílẹ̀. Fàrídà ti da aṣọ bo orí. Ó wá gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gbé omi kíkún. Àyọ̀ká, apá aṣọ náà gùn, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan nínú rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ lọ. Wọ́n ti ká ẹnu rẹ̀, wọ́n rán an pa.

Ìyá rẹ gbé fóònù náà mọ́ àyà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ tuntun lé e lọ́wọ́, ó ń mì í, a kò rí ojú ọmọ náà mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ láti inú aṣọ, ó ń sọ pé Ìyá, mi ò ríran o, Ìyá. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbé e sílẹ̀.

Ó wá ṣàlàyé. Àdó olóró ni àwọn kan rì mọ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn gbà. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Adégbénró, ọmọ Ìpàpó níbí, ló fà á jáde kí iná tó ràn. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Kàdúná ló ti wà láti oṣù méjì. Òun ló bẹ Fàrídà pé kó má sọ fún wa, pé kí òun kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àti bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò pẹ̀lú ọwọ́ kan, kí a tó rí òun. Ọwọ́ kan ṣoṣo kò rọrùn láti fi de bọ́tìnì, ìdí nìyẹn tí ìyàwó fi ń tú wọn, tó ń fi síìpù sí i. Fọ́ọ̀mù náà sì jẹ́ ti ọwọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, wọ́n ní kí bàbá àti ìyàwó jọ buwọ́ lù ú.

Mo jókòó sórí àpáta. Mo rántí pé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni mo dì mú nígbà tí mo ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di ìbọn mú, èmi náà ni mo sì bá a dé Ṣakí lọ́jọ́ tó lọ gba iṣẹ́ sójà, mò ń yangàn lójú ọ̀nà. Ó ní Bàbá, ẹ dákẹ́ jù. Mo ní Dàmọ́lá, ẹran tó gé ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú pàkúté, ọdẹ kì í kà á mọ́ ẹran tí òun pa. Ó ti bọ́ nìyẹn. O bọ́. Mo bi í pé kí ló dùn ún jù nínú rẹ̀. Mo rò pé egbò ni yóò wí. Ó ní ohun tí òun ń rò ní gbogbo ìgbà ni bí òun ṣe máa fi òsì na nǹkan sí mi nígbà tí òun bá délé. Mo ní èmi tí mo fi pàṣán kọ́ ọ ní òfin yẹn, èmi náà ni mo tú u. Ohun tí o bá fi òsì na sí mi, ọwọ́ mi méjèèjì ni n ó fi gbà á.

Ó ku èmi àti ìyàwó. Ọmọbìnrin yẹn gbé ẹrù yìí fún oṣù méjì, èmi ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀ kiri bí olè, mo tún lé e; mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan ojú tí mo kà dé àádọ́ta tí kò ṣẹ́jú. Àgbàlagbà kò lè kúnlẹ̀ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. Mo lọ sóko, mo dẹ okùn, mo mú akọ awó kan, mo gbé e wá fún un láàyè kó lè rí ààfáà tó máa bá a dúńbú rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò ní jẹ ẹran tí mo bá fi ìbọn pa. Ó gba awó náà, ó wò mí, ó ní ẹ ṣeun Bàbá, ó wá bi mí bóyá awó náà dúró gbagidi nígbà tí mo mú u, bóyá ó ṣẹ́jú. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. N kò bínú.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mo lọ mú fọ́ọ̀mù jáde nínú òrùlé àká, èkúté ti jẹ ibi tí orúkọ mi yẹ kó wà. Bá mi wá bí a ṣe máa rí òmíràn gbà, kí o sì bi wọ́n bóyá ó di dandan kí etí hàn. Jọ̀ọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ìyá rẹ fẹ́ lọ sí Kàdúná, ó ti di èlùbọ́ sínú àpò, ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ sínú fóònù lórí òkúta mọ́, òun fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ òun. Má fi owó náà sí báńkì. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo lọ lóṣù kìíní, wọ́n ní kí n wá fi àtàǹpàkò mi hàn kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mí. Ọkùnrin tó jókòó níbẹ̀, bàbá rẹ̀ àti èmi jọ kọlà ni. Fi rán Kàdírì, bí ìlà ẹ̀yìn ìwé bá ṣe déédéé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Fàrídà ní òun nìkan kọ́ ló mọ̀, pé ẹnìkan tún mọ̀, ẹni tó ń pe Dàmọ́lá lójoojúmọ́ nígbà tí egbò náà ń ro ó. Mo bi í pé ta ni, ó ní kí n má bínú, òun kò lè sọ. Àyọ̀ká, lóṣù tó kọjá mo bi ọ́ bóyá o gbúròó àbúrò rẹ, o dá mi lóhùn pé Bàbá, iṣu ńkọ́? Ìwọ tí o kò béèrè iṣu rí láti ìgbà tí o ti wọ Ìbàdàn. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe rí. Má dá mi lóhùn lórí fóònù. Wá sílé, jókòó níwájú mi, jẹ́ kí n wo ojú rẹ.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ọmọ mi, mo dúpẹ́ pé o kò jẹ́ kó dá a gbé.

Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ohun tí ẹ bá pamọ́ fún ara yín, ire ni yóò máa jẹ́. Bí mo ti bí yín ní méjì, méjì ni ẹ ó máa jẹ́ títí ẹ ó fi sin mí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fámúyìwá.